Onífọ́tò Tó Yọ Korobá Kúrò Nínú Ẹ̀rí

Òjò rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí onífọ́tò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láàárọ̀, fẹ́ǹsì tó wà láàárín òun àti oníbúrẹ́dì ti dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó kàn wó ni, bí àgbàlagbà tó ti rẹ̀, tí kò sì fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Oníbúrẹ́dì náà jáde, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀. Wọ́n kí ara wọn. Onífọ́tò ní òjò yìí kò ṣeré rárá. Oníbúrẹ́dì ní bẹ́ẹ̀ ni, òjò ọ̀hún le. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo bíríkì tó fọ́. Oníbúrẹ́dì yìí kò tíì pẹ́ tó ra ilé tó ń gbé. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti wà lọ́fun rẹ̀ tipẹ́.

Ó ní kí Bàbá má bínú. Ó ní ọmọ onílé àtijọ́ tó ta ilé fún òun ti sọ fún òun pé ibí yìí kọ́ ni fẹ́ǹsì wà láyé bàbá òun. Ìgbà tí bàbá náà rìnrìn-àjò, tí kò sí nílé, ni wọ́n sún un wọ inú ilẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, yàrá kékeré tí Bàbá ti ń fọ fọ́tò, orí ilẹ̀ òun ló wà. Òun sì fẹ́ mọ ààrò kejì síbẹ̀.

"Ta ló sún fẹ́ǹsì?" ni onífọ́tò béèrè.

Oníbúrẹ́dì kò wo ojú rẹ̀. "Bàbá, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ sí i ni."

Onífọ́tò wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ṣe fún un, ẹ ní láti mọ yàrá náà. Kò tóbi ju ibi tí ènìyàn méjì lè dúró sí lọ. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ nígbà tí wọn kò ní agbára láti gba òṣìṣẹ́. Ìyàwó po sìmẹ́ńtì, ọkọ to bíríkì. Aránṣọ ni ìyàwó náà, òun ló rán aṣọ dúdú tó bo ẹnu ọ̀nà kí ìmọ́lẹ̀ má bàa wọlé ba fọ́tò jẹ́. Ìyàwó ti kú báyìí. Fóònù sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ fọ́tò. Síbẹ̀, lójoojúmọ́ ni onífọ́tò ń wọ inú yàrá náà, á jókòó díẹ̀, á sì jáde. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, ó ní òun ń tún nǹkan tò. Ọmọ náà mọ̀ pé kò sí nǹkan tó kù láti tò, kò sì béèrè mọ́.

Nígbà tí ìwé ìpẹ̀jọ́ dé láti kóòtù, onífọ́tò kà á, ó ká a, ó sì tì í bọ abẹ́ tìmùtìmù àga. Ó ní òun kò jalè, òun kò sì rí ìdí tí òun á fi máa dáhùn. Ọmọ rẹ̀ ló fà á yọ. Ó ní, "Bàbá mi, ẹni tí kóòtù pè tí kò dáhùn, wọ́n á gbọ́ tẹnu ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n á sì fi ìyẹn dájọ́. Ẹ wọ bàtà."

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ọmọ náà ni wọ́n gbà lọ, obìnrin tí wọ́n jọ lọ sílé-ìwé, tó ti di lọ́yà. Onífọ́tò ló ya fọ́tò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ilé-ìwé rẹ̀ nígbà yẹn. Lọ́yà kò tíì gbàgbé. Ó ní òun á gba ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n òun kò tíì dárí fọ́tò ọ̀hún jì wọ́n, nítorí pé ojú òun inú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó jí adìẹ. Onífọ́tò ní bí ojú ṣe rí ni òun ṣe yà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ẹ̀rín ni lọ́yà wá béèrè ọ̀rọ̀ gidi. Ta ló mọ fẹ́ǹsì náà? Ṣé ẹni náà ṣì wà láyé? Ṣé fọ́tò kankan wà tí fẹ́ǹsì hàn nínú rẹ̀ kí onílé àtijọ́ tó rìnrìn-àjò? Onífọ́tò ní bíríkìlà tó mọ ọ́n ṣì wà, ó kàn ń fi ọ̀pá rìn ni. Ó ní fọ́tò kan sì wà pẹ̀lú.

Fọ́tò yẹn, ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó dúró láàárín yàrá ìfọfọ́tò àti fẹ́ǹsì, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dìde lórí àìsàn kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọnú, egungun ọrùn rẹ̀ yọ. Aṣọ àlòkù tó tutù wà lórí okùn lẹ́yìn rẹ̀, korobá kan tí ẹnu rẹ̀ ti ya sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú ọkọ rẹ̀ dùn pé ó dìde, kò rí korobá, kò rí aṣọ, ó kàn yà á ni. Nígbà tí ìyàwó rí fọ́tò náà, ó ní, "Bàbá wọn, bí ẹ bá fi èyí han ẹnikẹ́ni, èmi àti ẹ̀yin ni." Kò sì fi han ẹnikẹ́ni láti ìgbà náà.

Ó wá kù díẹ̀ kí adájọ́, akọ̀wé, ọlọ́pàá àti àwọn tó wá gbọ́ ẹjọ́ tiwọn máa wò ó.

Onífọ́tò gbé fíìmù tí fọ́tò náà wà lára rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gbé àwòrán inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ó fi ẹran kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó kó aṣọ kúrò lórí okùn, ó sì yọ okùn pẹ̀lú. Ó yọ korobá. Ibi tí okùn ti gba ara fẹ́ǹsì kọjá, ó fi àwọ̀ dí i, ó sì nu èérí ara fẹ́ǹsì náà dànù. Ọgbọ́n iṣẹ́ tó fi ń ṣe àwọn ìyàwó tuntun lẹ́wà ló lò. Kò gbèrò ibi kankan. Fẹ́ǹsì kò kúrò níbi tó wà.

Ọmọ rẹ̀ mú fọ́tò náà, ó wò ó títí. "Bàbá mi, ta nìyí?"

"Ìyá rẹ ni."

"Ìyá mi kò sanra tó báyìí rí."

"Ó sanra nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Ìwọ kò sí níbẹ̀."

Lọ́yà náà wò ó, ó sì béèrè bóyá bí fọ́tò náà ṣe jáde nínú ẹ̀rọ nìyẹn. Onífọ́tò dáhùn pé, "Èmi ni mo yà á." Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n bi í nìyẹn. Iṣẹ́ pọ̀ lórí tábìlì lọ́yà lọ́jọ́ náà, ó gbà á bí ẹni tí wọ́n dá lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fi í sáàárín ẹ̀rí tó kù.

Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Oníbúrẹ́dì ló pè é, òun ló kọ́kọ́ mú ẹ̀rí wá. Ọmọ onílé àtijọ́ jáde, ó ní fẹ́ǹsì kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí lọ́yà onífọ́tò bi í bóyá ó fojú ara rẹ̀ rí ibi tó wà, ó ní rárá, òun kò gbé ilé náà rí, bàbá òun ló sọ fún òun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìwé kan jáde tí ẹnìkan fi wọn ilẹ̀ náà lẹ́yìn tí fẹ́ǹsì wó. Ẹni tó wọn ilẹ̀ kò yọjú láti sọ bó ṣe mọ ibi tí ààlà wà.

Ó wá kan ẹlẹ́rìí onífọ́tò. Bíríkìlà fi ọ̀pá rẹ̀ ti ẹsẹ̀, ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun mọ fẹ́ǹsì náà, ibẹ̀ náà ló sì wà títí òjò fi wó o. Ó ní àwọn onílé méjèèjì dúró ti òun lọ́jọ́ náà. Onílé àtijọ́ tilẹ̀ ń kùn pé sìmẹ́ńtì kò tó, òun sì dá a lóhùn pé bí ó bá fẹ́ kí sìmẹ́ńtì tó, kí ó lọ ra sí i. Kóòtù rẹ́rìn-ín. Lọ́yà oníbúrẹ́dì dìde, ó ní òun kò ní ìbéèrè fún bàbá yìí, ó sì jókòó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé ó máa wúlò.

Nígbà tí onífọ́tò dé ibi ìjẹ́rìí, lọ́yà oníbúrẹ́dì gbé fọ́tò náà dání, ó rìn súnmọ́ ọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Fọ́tò yín dára. Ẹ jọ̀wọ́, òjìji kí ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ìyá yìí?"

Onífọ́tò wò ó. Ó ti yọ korobá, kò rántí òjìji rẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tó ti fi ṣe iṣẹ́ yìí, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ó lè purọ́. Kò purọ́.

"Òjìji korobá ni."

"Korobá náà dà?"

"Mo yọ ọ́."

"Kí ló dé tí ẹ fi yọ ọ́, Bàbá?"

"Ìyàwó mi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹlòmíràn ní kó panu mọ́. Lọ́yà bi í bóyá ó yọ nǹkan mìíràn. Ó ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un: aṣọ, okùn, èérí ara fẹ́ǹsì. Lọ́yà dúpẹ́, ó sì lọ jókòó. Ẹni tó bá ti yó kì í tún béèrè ẹran.

Nígbà tí adájọ́ dájọ́, ọ̀rọ̀ fọ́tò ló fi bẹ̀rẹ̀, òun ló sì fi parí. Ó ní ọwọ́ tó lè yọ korobá lè sún fẹ́ǹsì. Ó ní òun kò lè gba onífọ́tò gbọ́. Ó dá oníbúrẹ́dì láre, ó sì pàṣẹ kí wọ́n wó yàrá náà.

Onífọ́tò àti ọmọ rẹ̀ darí sílé. Nígbà tí ọmọ náà bu omi fún un, onífọ́tò ní, "Mo jẹ́ kí wọ́n fi ìyá rẹ rẹ́rìn-ín." Ọmọ náà ní wọn kò fi ìyá òun rẹ́rìn-ín, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín, bí ìyá òun bá sì wà níbẹ̀, òun gan-an ni ì bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Onífọ́tò ronú sí i. Ó ní ó ṣeé ṣe.

Ní ọjọ́ kejì, ó mú fíìmù tòótọ́, ó lọ bá lọ́yà. Ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní gbogbo rẹ̀ nìyí, pẹ̀lú korobá, pẹ̀lú aṣọ, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kí àwọn adájọ́ àgbà fojú ara wọn rí i.

Lọ́yà wo fíìmù, ó wo bàbá náà. Inú ń bí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe é. "Bàbá, ibo ni èyí wà nígbà tí a ń ṣe ẹjọ́?"

"Inú kọ́bọ́ọ̀dù mi."

"Ìdáhùn yẹn ló máa ba ẹ̀rí yìí jẹ́. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kì í ṣe ibi tí a ti ń tún ẹjọ́ rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a sọ ní kóòtù ìsàlẹ̀ àti ìwé tí a fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, bóyá adájọ́ tẹ̀lé òfin. Ẹni tó bá fẹ́ mú ẹ̀rí tuntun lọ ní láti gbàṣẹ, wọ́n á sì bi í bóyá ó sapá títí tí kò rí i nígbà náà. Ẹ̀yin kò wá a. Ẹ fi í pamọ́. Ẹ fi í pamọ́ fún èmi gan-an, Bàbá. Ẹni tó bá fi egbò pamọ́ fún dókítà, ta ló fẹ́ kó wò ó sàn?"

Onífọ́tò ní òun gbọ́. Ó ní kó dárí ji òun. Lọ́yà ní òun á dárí jì wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún fọ́tò ilé-ìwé òun yà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló fà á wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó sì fi han án pé gbogbo ọ̀nà kò tíì dí. Àkókò ìpẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní gbèdéke, bó bá kọjá, ọ̀ràn di ẹ̀bẹ̀. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni wọ́n kọ ìwé. Wọ́n sì bẹ kóòtù pé kí ẹnikẹ́ni má wó yàrá náà títí ẹjọ́ á fi parí, nítorí pé bí wọ́n bá ti wó o, kí ni ìdáre fẹ́ ṣe fún un? Kóòtù gbà. Onífọ́tò ṣì takú pé kí wọ́n béèrè fún àṣẹ láti mú fíìmù wọlé. Wọ́n béèrè. Bí lọ́yà ṣe wí ló rí. Àwọn adájọ́ àgbà béèrè ibi tó wà, wọ́n gbọ́ pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni, wọ́n sì dá a padà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà, onífọ́tò wọ aṣọ tó dára jù. Ó ti há gbogbo ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sórí. Lọ́yà méjèèjì sọ̀rọ̀, àwọn adájọ́ béèrè nǹkan díẹ̀, gbogbo ènìyàn sì dìde.

"Wọn kò pè mí," ló sọ fún ọmọ rẹ̀.

"Wọn kò pe ẹnikẹ́ni, Bàbá mi. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ni wọ́n ń kà. Ṣùgbọ́n aṣọ yín dára."

Ìdájọ́ tó jáde ya onífọ́tò lẹ́nu. Àwọn adájọ́ àgbà kò gbóríyìn fún fọ́tò rẹ̀ rárá. Wọ́n ní adájọ́ kékeré kò ṣẹ̀ bí kò bá gba fọ́tò tí wọ́n ti tún ṣe. Ibi tó ti ṣẹ̀ ni pé ó wo ẹ̀rí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, kò wo ẹrù ẹ̀rí tó wà lọ́rùn ẹni tó pe ẹjọ́. Oníbúrẹ́dì ló sọ pé wọ́n sún fẹ́ǹsì. Òun ló ní láti fi hàn. Ta ló wá fi hàn? Ọmọ tó gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀, tí kò sì fojú ara rẹ̀ rí nǹkan kan. Ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ kò wá ṣàlàyé. Ní ìhà kejì, bíríkìlà tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ fẹ́ǹsì jẹ́rìí, ẹnikẹ́ni kò sì bi í ní ìbéèrè kan láti ta ko ohun tó sọ. Adájọ́ kékeré náà kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú ìdájọ́. Wọ́n yí ìdájọ́ náà padà, wọ́n sì dá onífọ́tò láre. Yàrá náà dúró.

Onífọ́tò ń dúpẹ́, ń dúpẹ́. Lọ́yà dá a dúró.

"Bàbá, ẹ má dúpẹ́ tán. Ẹ kò jàre nítorí pé ẹ ṣe dáadáa. Ẹni tó pè yín kò lè gbé ẹrù tirẹ̀ ni. Ká ní ẹ̀yin lẹ pe ẹjọ́ yìí, tó jẹ́ pé ọrùn yín ni ẹrù wà, fọ́tò yẹn ì bá ti gba yàrá náà lọ́wọ́ yín."

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn méjèèjì kò di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n oníbúrẹ́dì wá sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní ohun tí wọ́n tà fún òun ni òun gbà gbọ́, òun kò sì mọ̀ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò rí nǹkan kan. Onífọ́tò ní òun náà mọ bó ṣe ń rí, kí ènìyàn gba ohun tó wù ú gbọ́. Wọ́n jọ mọ fẹ́ǹsì tuntun. Bíríkìlà jókòó lórí àga, ó ń fi ọ̀pá júwe fún àwọn òṣìṣẹ́, ó sì ń kùn pé sìmẹ́ńtì kò tó.

Ẹ̀yin òǹkàwé, gbogbo ẹni tó ní ilé, ilẹ̀ tàbí ààlà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Bí ìwé kóòtù bá dé, ẹ má fi í sábẹ́ tìmùtìmù. Ẹ gbé e lọ bá lọ́yà kí ọjọ́ tó lọ, tàbí kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ran ẹni tí kò lágbára lọ́wọ́. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún lọ́yà yín, pàápàá èyí tó ń tì yín lójú, nítorí pé ìyẹn gan-an ni ẹnìkejì máa wá kiri. Ìwé tó ti ṣá, ẹ má fi bírò tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò tí kò dára, ẹ má tún un ṣe. Ẹ gbé e wá bó ṣe wà, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀rí, kóòtù ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti mú un jáde, torí pé ti òkè kì í sábà gba ohun tí ẹ fi sílẹ̀ sílé. Bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọjọ́ náà ni kí ẹ bi lọ́yà pé ìgbà wo ni gbèdéke.

Ohun kan kù tí n kò fẹ́ fò. Nínú gbogbo ẹni tó mọ ibi tí fẹ́ǹsì yẹn wà, ìyàwó onífọ́tò ló mọ̀ ọ́n jù. Òun ló gbé omi fún bíríkìlà, òun ló ń sá aṣọ síbẹ̀. Ì bá ti sọ ọ́ fún kóòtù láìsí fọ́tò kankan. Nígbà tó wà láyé, kò sí ẹni tó rò pé ó yẹ kí a bi í, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó mọ ààlà ilé tiyín, bóyá ó wà nínú yàrá kejì báyìí, ó ń ká aṣọ. Ẹ pa ìwé yìí dé, kí ẹ lọ jókòó tì í, kí ẹ sì bi í.